Ọbẹ̀ Búrẹ́dì Tí Mo Tọ́ Wò Nínú Oṣù Ààwẹ̀

Òórùn ááyù àti ata rodo ló máa ń gbé mi padà sí ilé ìdáná ìyá ọkọ mi ní Òkè-Baálẹ̀, nílùú Òṣogbo. Dàda Estate ni èmi àti ọkọ mi ń gbé, ṣùgbọ́n tí ààwẹ̀ bá ti wọlé, agbo ilé ni gbogbo ìdílé ti ń ṣínu ní òpin ọ̀sẹ̀. Ọmọ Ìjẹ̀ṣà ni mí, láti Òṣú, ṣọ́ọ̀ṣì ni mo sì ń lọ. Mùsùlùmí ni gbogbo wọn. Wọn kò fi ìyẹn ni mí lára rí. Kódà, wọ́n fi wá iṣẹ́ fún mi: nígbà tí gbogbo ilé bá ń gbààwẹ̀, èmi nìkan ni mo lè tọ́ ọbẹ̀ wò. “Ìyàwó wa, ẹnu ẹ lẹnu gbogbo wa lónìí,” ni ìyá ọkọ mi máa ń wí, wọ́n á sì na ṣíbí sí mi. Ọ̀rẹ́ mi, o ò mọ bí iṣẹ́ kékeré yẹn ṣe dùn mọ́ mi tó. Ó pẹ́ tí mo ti ń wá bí wọn yóò ṣe kà mí kún ọmọ ilé.

Lọ́dún kan, mo ní sáńwíìṣì ni màá fi ṣe ìṣínu fún wọn. Mo ti rí ọbẹ̀ funfun kan tó ta lẹ́nu lórí fóònù, èyí tí wọ́n ń fi pa búrẹ́dì lára kí wọ́n tó fi ẹran adìyẹ sí i láàárín. Ẹyin tútù, òróró, omi ọsàn wẹ́wẹ́, ááyù, ata rodo. Láti nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo ti lọ̀ ọ́ nínú bulẹ́ńdà, tó ń ki díẹ̀díẹ̀, tó funfun, tó wá pọ́n fẹ́ẹ́rẹ́ nígbà tí mo da ata sí i. Ò bá wá wò mí, bí mo ṣe ń fẹ̀ káàkiri ilé ìdáná! Ìyá ọkọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, wọ́n wò ó títí.

“Ẹyin tútù kẹ̀? O ò ní gbé e kaná ni?”

“Rárá o, mà. Bí wọ́n ṣe ń ṣe é nìyẹn.” Mo fi ẹ̀rín sí i, irú ẹ̀rín tí èèyàn fi ń sọ fún àgbà pé ayé ti kọjá ibi tí wọ́n wà. Ẹ̀rín yẹn ṣì ń rùn sí mi títí dòní.

Wọ́n mú iná lọ kó tó di ọ̀sán, fíríìjì tí mo gbé ọbẹ̀ náà sí dákẹ́. Ìwọ náà mọ bí ooru Òṣogbo ṣe ń rí kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Nírọ̀lẹ́, bí mo ṣe ń gé búrẹ́dì, ìyá ọkọ mi na ṣíbí sí mi gẹ́gẹ́ bí ìṣe wọn. Mo tọ́ ọ wò. Ó ti kan. Kì í ṣe kíkan ọsàn. Ó ń rùn lábẹ́lẹ̀ bí aṣọ ìnuwọ́ tí kò gbẹ. “Ṣé ó dáa?” ni wọ́n bi mí. Mo wo gbogbo ẹyin tí mo ti fọ́, mo rántí gbogbo ẹnu tí mo ti fọ́n láti àárọ̀. Mo sọ fún ara mi pé ata á bò ó mọ́lẹ̀.

“Ó dùn gan-an, mà,” ni mo wí.

Wọ́n jẹ ẹ́, wọ́n tún béèrè sí i. Èmi ńkọ́? Mo ní orí ń fọ́ mi, n kò fẹnu kàn án. Ìyẹn gan-an ló ń tì mí lójú jù. Àwọn ọkùnrin kò tí ì ti ìrun àsámù tí wọ́n ń kí lálẹ́ ààwẹ̀ dé tí inú fi bẹ̀rẹ̀ sí í run àwọn ará ilé, ti ìyá ọkọ mi ló sì le jù. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọn kò lè gba ààwẹ̀ ọjọ́ náà. Obìnrin tó máa ń yangàn pé láti ìgbà tí òun ti dáwọ́ ọmọ bíbí dúró, ààwẹ̀ kan ṣoṣo kò bọ́ mọ́ òun lọ́wọ́ rí, ni mo rí tó ń mu omi oníyọ̀ àti ṣúgà lójú gbogbo ayé.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi obìnrin kọjú sí mi. “Ìyàwó, kí lo fi sínú ọbẹ̀ yẹn gan-an?”

Kí n tó lanu, ìyá ọkọ mi ti dá a lóhùn láti orí ẹní. “Fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀. Ata tí mo rà ni. Mo rí i lọ́jà pé ó ti fẹ́ máa rà.”

Háà! Èmi ni mo fọwọ́ ara mi ra ata yẹn. Àgbà obìnrin ń purọ́ nínú oṣù ààwẹ̀ nítorí mi, mo gbọ́ ọ, mo sì dákẹ́. Ká ní ilẹ̀ lanu níjọ́ náà, ǹ bá wọlé.

Lẹ́yìn ọdún ìtúnu, mo yà sí agbo ilé lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo bá wọn nídìí ààrò, ètè wọn gbẹ. Àwọn nìkan ló ń gbààwẹ̀ nínú gbogbo ilé. Wọ́n ń san ti ọjọ́ yẹn padà. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ń ṣeré lágbàálá, wọ́n sì lè pe èyíkéyìí nínú wọn. Èmi ni wọ́n na ṣíbí sí. Mo gbà á, mo tọ́ ọbẹ̀ náà wò.

“Iyọ̀ ti pọ̀ jù, mà,” ni mo wí, omi sì lé sí mi lójú.

Wọ́n bu omi díẹ̀ sí ọbẹ̀ náà, wọ́n rò ó, wọn kò wojú mi. “O ṣeun,” ni wọ́n wí. “Ká ní o sọ bẹ́ẹ̀ níjọ́sí, à bá kàn fi tíì jẹ búrẹ́dì wa.”

Ọ̀rẹ́ mi, ìwọ náà rò ó wò. Tíì àti búrẹ́dì! Wọ́n ti mọ̀ látọjọ́ náà, wọ́n sì tún fún mi ní ṣíbí. Ọdọọdún ni wọ́n ṣì ń nà án sí mi, mo sì ń sọ bó ṣe rí gan-an lẹ́nu mi, ṣùgbọ́n ojú kì í yé tì mí kí n tó gbà á.