Ọkọ̀ Tí Kò Ní Awakọ̀ ní Dáàmù Ìtapàjí

Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló rán mi lọ́jọ́ náà: kí n lọ mú ọmọbìnrin mi kúrò létí omi Ìtapàjí, kí ó wá iṣẹ́ gidi ṣe. Èmi náà fẹ́ bẹ́ẹ̀. Láti kékeré ni mo ti kìlọ̀ fún un pé kò gbọdọ̀ sún mọ́ dáàmù yẹn. Tó bá ti ilé ìwé dé, mo máa ń fọwọ́ kan etí aṣọ rẹ̀ bóyá ó tutù. Ní báyìí ó ti kọ́ nípa ẹ̀rọ ní yunifásítì, ibùdó ìwádìí ọkọ̀ ojú omi kan tó wà létí dáàmù náà sì gbà á síṣẹ́. Wọ́n pe àwa òbí pé kí á wá wo ohun tí wọ́n ń ṣe.

Takisí ni mo ń wà, láti Ìkọ̀lé sí Ìdó. N kì í kúrò ní garéèjì láìtẹ búrèkì wò. Ojú yẹn ni mo fi wọ ibẹ̀.

Ọ̀gá ibẹ̀, obìnrin kan tó wọ bàtà rọ́bà, mú wa yíká. A rí kòtò omi gígùn tí wọ́n fi símẹ́ńtì ṣe, tí ẹ̀rọ ń dá ìgbì sílẹ̀ nínú rẹ̀, kí wọ́n lè mọ bí ọkọ̀ yóò ṣe mì lórí òkun. A rí ìgbòkun líle kan tó ga bí òpó iná, tó ń fúnra rẹ̀ yí síbi tí atẹ́gùn bá ti ń fẹ́, kí ọkọ̀ ẹrù má baà jó epo púpọ̀. Lẹ́yìn náà ó mú wa dé etí omi, níbi tí ọkọ̀ funfun kan wà. Kò sí ìjókòó awakọ̀ nínú rẹ̀. Inú yàrá ni wọ́n ti ń darí rẹ̀.

Bàbá kan tó mọ̀ mí rẹ́rìn-ín. "Dẹ́rẹ́bà, wọ́n ti gba iṣẹ́ lọ́wọ́ yín."

"Kí wọ́n gbé e wá sí ọ̀nà Ìdó ná, kí kòtò bá a sọ̀rọ̀."

Ọ̀gá náà ní ọmọ mi ni yóò wà nínú ọkọ̀ yìí lọ́sàn-án, láti máa ṣọ́ àwọn ẹ̀rọ inú rẹ̀.

"Mà, tí nẹ́tíwọ̀kì bá lọ ńkọ́?"

"Yóò fúnra rẹ̀ padà sí èbúté, sà."

"Ẹ jẹ́ kí n rí i."

"Kò sí nínú ètò wa lónìí."

"A jẹ́ pé ọmọ mi náà ò sí nínú ètò yín lónìí."

Ó wò mí, kò bínú. Ó ní kí wọ́n rán ọkọ̀ náà lọ lófìfo. Nígbà tó dé àárín omi, wọ́n gé nẹ́tíwọ̀kì. Ọkọ̀ náà dúró díẹ̀, ó yí imú sọ́dọ̀ wa, ó sì rọra ń bọ̀ títí ó fi kan èbúté. Ohun tí wọ́n sọ gẹ́lẹ́ ló ṣe. Síbẹ̀, ó ku ohun kan.

Mo fa ọmọ mi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "O ò mọ bí wọ́n ṣe ń lúwẹ̀ẹ́."

"Mo mọ̀ ọ́n, Bàbá mi. Ní yunifásítì ni mo ti kọ́ ọ."

"O ò sì sọ fún mi?"

"Ẹ̀yin náà mọ ohun tí ẹ̀ bá sọ."

"Tí mo bá wá ní kí o má lọ báyìí ńkọ́?"

"Màá lọ, sà. Ṣùgbọ́n ó wù mí kí ẹ dúró wò mí."

Mo so okùn jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì mọ́ ọn lára, mo fà á títí ó fi ní òun ò lè mí mọ́. Mo dẹ ẹ́ díẹ̀. Díẹ̀ péré.

Wọ́n ní kí àwọn òbí wọlé wá jẹun. N kò lọ. Ọlọ́dẹ gbé àga wá, mo ní n kò fẹ́ jókòó. Ibẹ̀ ni mo wà tí ẹ̀gbọ́n mi fi pè mí lórí fóònù.

"Ṣé ẹ ti ń bọ̀ ní ulé?"

"Rárá. Ó ti wà lórí omi."

"Ìwọ bàbá rẹ̀ lo jẹ́ kó lọ?"

"Èmi ni. Ẹ má sì rán ẹlòmíràn wá mú un, torí èmi ni yóò kọ́kọ́ bá létí omi níbí."

Mo pa fóònù náà. Ọkọ̀ ti dé àárín, mo sì fẹ́ máa wò ó.