A Oní-máínọ́ọ̀sì àti B Oní-púlọ́ọ̀sì

Ipò ni gbogbo òbí mọ̀ ní Àkúrẹ́ nígbà náà. "Ipò kelòó lo ṣe?" ni wọ́n á bi ọmọ, kó tó bọ́ bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀. Ọdún tí èmi àti ẹ̀gbọ́n mi obìnrin wà ní kíláàsì àṣekágbá ni ọ̀gá tuntun dé sílé ẹ̀kọ́ wa, ló bá fagi lé ipò. Ó ní lẹ́tà làwọn tíṣà á máa fún wa, kí wọ́n fi púlọ́ọ̀sì tàbí máínọ́ọ̀sì tì í lẹ́yìn.

Tíṣà kíláàsì wa ṣàlàyé rẹ̀. Ó ní ká ka lẹ́tà kọ̀ọ̀kan sí yàrá. Ẹni tó jókòó sáàárín yàrá ló ni A lásán. Ẹni tó wọlé àmọ́ tó jókòó sétí ilẹ̀kùn, A oní-máínọ́ọ̀sì ni tirẹ̀. B oní-púlọ́ọ̀sì ti fọwọ́ kan ilẹ̀kùn yàrá A lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìta ló ṣì wà. Ó yé gbogbo wa, títí kan àwọn tí nǹkan kì í tètè yé.

Ẹ̀gbọ́n mi fi ọdún méjì jù mí lọ. Àìsàn ló dá a dúró sọ́dọ̀ ìyá màámi ní Ìta-Ògbólú, la fi bá ara wa ní kíláàsì kan náà.

Ìyà ń jẹ òṣìṣẹ́ ìjọba lásìkò yẹn. Ọ́fíìsì tí wọ́n ti ń ṣètò owó oṣù, ní Alágbàká, ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́, owó oṣù tirẹ̀ gan-an kì í sì í dé. Ó ń so táì lọ síbi iṣẹ́, ó sì ń roko ní Ìjù ní Sátidé. Ó pè wá jókòó, ó ní apá òun ò ká ọmọ méjì mọ́. Ẹni tí èsì rẹ̀ bá dára jù ló máa lọ kọ́ṣẹ́ tíṣà ní Oǹdó, èkejì á lọ kọ́ṣẹ́ aránṣọ. Ó wù mí láti lọ débi pé mo ti ń fi èdè Oǹdó kí àwọn dírẹ́bà tó ń tibẹ̀ bọ̀, tí wọ́n ń fi mí rẹ́rìn-ín.

Ọjọ́ Jímọ̀ọ́ la gbèsì. Bàbá mi gba ìwé méjèèjì, ó ní òun á fara balẹ̀ wò wọ́n. Ó di ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, kó tó pè wá. A oní-máínọ́ọ̀sì ni tèmi, B oní-púlọ́ọ̀sì ni ti ẹ̀gbọ́n mi.

"Wọ́n yọ nǹkan kúrò lára tìrẹ," ó wí fún mi. "Wọ́n fi kún ti ẹ̀gbọ́n rẹ. Òun ló ń lọ."

"Bàámi, wọn kì í kà á bẹ́ẹ̀. A ju B lọ, bó ti wù kó rí."

"Ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣìírò?"

Mo wo ẹ̀gbọ́n mi, ilẹ̀ ló ń wò. Màámi, ọmọ Àkúrẹ́ pọ́nńbélé, gbé àwo iṣu kalẹ̀, ó ní, "Ẹ jẹ usu o, ó ti ń tutù." Bọ́rọ̀ ṣe parí nìyẹn.

Inú bí mi gan-an. Mo ń sọ nínú ara mi pé akọ̀wé tí kò mọ A yàtọ̀ sí B, bí ìjọba ò bá sanwó fún un, ó tọ́ sí i. Nígbà tílẹ̀ mọ́, mo lọ sílé tíṣà wa, mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́ pé kó bá mi délé, kó wá ṣàlàyé fún bàbá mi.

Obìnrin náà ní kí n dìde.

"Bàbá rẹ ti wá. Ọjọ́ Sátidé, nígbà tí wọ́n ń toko bọ̀. Mo ṣàlàyé, ó sì yé wọn. Àwọn gan-an ló sọ ọ́ pé àbúrò ló ṣe dáadáa jù. Wọ́n wá bi mí pé, ṣé ẹ̀gbọ́n á wá máa ránṣọ kí àbúrò máa kọ́ni?"

Mo dìde, mo rìn padà sílé. Ó dùn mí ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bàbá mi gbà kí n máa fojú òpè wo òun, dípò kó sọ fún mi lójúkojú pé torí wọ́n bí mi tẹ̀lé ẹ̀gbọ́n mi ni.

Lọ́jọ́ tí ẹ̀gbọ́n mi ń lọ, èmi àti bàbá mi la sìn ín dé gáréèjì. Nígbà tí mọ́tò gbéra, bàbá mi bi mí láìwojú mi, "Ó yé ọ, àbí?"

Mo ní ó yé mi. Mi ò jẹ́ kó mọ̀ pé mo ti dé ọ̀dọ̀ tíṣà. Bí mo bá sọ ọ́, yóò di dandan kó fẹnu ara rẹ̀ sọ òótọ́ fún mi, mi ò sì fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀.