Físíìsì Àti Oúnjẹ Àárọ̀ Wa

Iṣẹ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo ń ṣe nígbà náà, ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó kan. Mo máa ń jáde kí ọmọbìnrin mi tó dé láti ilé ẹ̀kọ́, ó sì máa ń ti sùn kí n tó wọlé. Bàbá rẹ̀ ṣì wà ní Ìbàdàn, ó ń retí físà. Àwa méjì péré la wà nínú fúláàtì oníyàrá kan tí a háyà ní Langley Park, ní Amẹ́ríkà, àárọ̀ nìkan la sì máa ń fojú kan ara wa, àfi tó bá di ọjọ́ Ìsinmi. Bí aago mi bá dún, màá dìde pẹ̀lú oorun lójú, màá din ẹyin, màá gé búrẹ́dì. Òun á kúnlẹ̀ kí mi, á jókòó, a ó jọ jẹun. Èdè Òyìnbó ló fi ń bá mi sọ̀rọ̀, Yorùbá ni mo fi ń dá a lóhùn. Ohun tí a bá sọ nídìí ẹyin yẹn ni gbogbo ohun tí a máa sọ lọ́jọ́ náà.

Nígbà tó fẹ́ wọ háì skúù, ọ̀nà méjì ló ṣí sílẹ̀ fún un. Èyí tó wà nítòsí ilé wa yóò kọ́ ọ ní bàólójì, tó bá sì ń parí lọ, yóò fún un ní ìwé-ẹ̀rí olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì, irú èyí tí èmi náà fi ń ṣiṣẹ́. Ìkejì jẹ́ ètò sáyẹ́ǹsì pàtàkì ní ilé ẹ̀kọ́ kan tó jìnnà: físíìsì, kẹ́mísìrì, bàólójì, àti ìṣirò tó le. Ó ti ṣe ìdánwò rẹ̀, ó sì yege. Ṣùgbọ́n kí ilẹ̀ tó mọ́ ni bọ́ọ̀sì ibẹ̀ ń gbé wọn. Bó bá lọ síbẹ̀, yóò ti jáde kí aago mi tó dún. Èmi náà ò sì lè jí ju bí mo ṣe ń jí lọ. Mo ti tòògbé nídìí ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan rí, ìṣojú ọmọ náà ló ṣe.

Ní ilé ẹ̀kọ́ tí mo lọ ní Ọ̀yọ́, bí wọ́n bá ti pín yín sí sáyẹ́ǹsì, áàtì àti kọmáṣà, ó parí nìyẹn. Áàtì ni wọ́n fi mí sí. Mo máa ń gba ẹ̀gbẹ́ lábù kọjá, gáàsì á máa rùn sí mi nímú, n kò wọ ibẹ̀ rí títí mo fi ṣe tán. Nítorí náà, mo mọ ohun tí à ń yàn.

Bí a ṣe ń ṣe nílé ni mo ṣe: mo mú un lọ bá àgbà. Ọkùnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wa, apòògùn ni, ó sì fẹ́ràn ẹ̀fẹ̀.

"Èwo ló wù ẹ́ nínú méjèèjì?" ló bi ọmọ náà.

"Èyí tí ẹ bá sọ ni, sà."

Inú rẹ̀ dùn, ó kọjú sí mi. "Ẹ ò rí ọmọ! Àwọn tèmi, tí n bá ní kí wọ́n lọ sọ́tùn-ún, wọ́n á ní, 'Dádì, wáì?' Màá kó wọn wá sọ́dọ̀ yín o."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, yàrá kan ni mo ní."

Ó rẹ́rìn-ín. "Ó dáa, ìyá ọmọ wa. Ẹ jẹ́ ó lọ sí èyí tó wà nítòsí. Nọ́ọ̀sì kì í wáṣẹ́ tì níbí. Ta ló ń jí ọmọ ọlọ́mọ ní ìdájí tìtorí físíìsì? Físíìsì ọ̀hún ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó wà láyé!"

Gbogbo wa rẹ́rìn-ín, ọmọ náà rẹ́rìn-ín. Ọkàn mi balẹ̀. Mo ti rí i pé ẹyin mi kò ní tutù.

Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà, mo jí láàárọ̀ ọjọ́ kan kí aago mi tó dún, mi ò bá a lórí bẹ́ẹ̀dì. Ó ti tẹ́ ẹ. Kò ti ilẹ̀kùn ní kọ́kọ́rọ́. Mo dúró lójú fèrèsé títí mo fi rí i tó ń bọ̀ lábẹ́ iná títì, ó wọ jákẹ́ẹ̀tì, ó gbé báàgì rẹ̀ kọ́.

"Níbo lo lọ?"

"Ibi tí bọ́ọ̀sì yẹn ti ń gbé wọn, ma." Ó fi Yorùbá sọ ọ́, èyí tí kì í ṣe. "Mo kàn fẹ́ wò ó bóyá mo lè jí. Àti bóyá ẹ̀rù á bà mí."

"Ẹ̀rù bà ẹ́?"

"Díẹ̀. Ẹ má bínú, ma."

Mo din ẹyin. A jẹun.

Lọ́jọ́ tí a lọ fèsì lórí ètò sáyẹ́ǹsì náà, obìnrin tó ń gba àwọn ọmọ nímọ̀ràn ní ilé ẹ̀kọ́ wọn ní ká jókòó. Ọmọ mi ló bi bóyá ó fẹ́ lọ, kò bi mí. Ọmọ mi wolẹ̀. Ó tún bi í. Ọmọ náà wò mí, ó tún wolẹ̀. Lọ́dọ̀ wa, ọmọ tó gbẹ̀kọ́ nìyẹn. Lójú obìnrin náà, ọmọ tí ọ̀rọ̀ náà kò wù ni. Ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ pé kò sí ẹni tó máa fipá mú un, pé ọmọ mìíràn ń dúró de àyè yẹn. Ó mú bírò.

Bí mo bá dákẹ́, tèmi ni àárọ̀ mi. Ẹnikẹ́ni kò ní bi mí. Mo wo jákẹ́ẹ̀tì tó wọ̀, èyí tó wọ̀ lọ síbi bọ́ọ̀sì.

"Ó fẹ́ ẹ," ni mo wí ní èdè Òyìnbó. "Ojú àgbà ló ń wò. Ó ti dá jí ní ìdájí, ó ti lọ wo ibi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé wọn."

Ọmọ náà yíjú sí mi. "Ṣé kí n sọ ọ́, ma?"

"Sọ ọ́."

Ó wá sọ ọ́. Ó ń sáré sọ̀rọ̀, ó ń fọwọ́ júwe: ìdí tí ohùn ọkọ̀ pànápaná fi ń yí padà bó bá kọjá lára èèyàn, ohun tó ń mú afárá dúró. Obìnrin náà ń mi orí, ó ń rẹ́rìn-ín. Èmi gbọ́ díẹ̀, díẹ̀ sá fún mi. Nínú gbogbo àárọ̀ tí a ti jọ ń jẹun, kò sọ ọ̀kankan nínú rẹ̀ fún mi rí.

Bí a ti ń padà lọ nínú ọkọ̀, ó ní, "Mọ́mì, ta ni ẹ ó máa bá jẹun?"

"Màá máa bá tẹlifíṣọ̀n jẹun."

Ó rẹ́rìn-ín. Mo tẹjú mọ́ títì.

Nígbà tí wọ́n wọlé ní oṣù kẹsàn-án, aago mi dún ní àsìkò rẹ̀, ilé dákẹ́. Ọwọ́ mi ti fọ́ ẹyin fún èèyàn méjì kí n tó rántí. Mo jẹ tèmi lórí ìdúró. Mo fi àwo de tirẹ̀ mọ́lẹ̀ lórí sítóòfù, mo lọ síbi iṣẹ́. Nígbà tí mo dé, ó ti sùn. Àwo náà wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ síǹkì, ó ti fọ̀ ọ́, ó ti dojú rẹ̀ délẹ̀. Mo fi ọwọ́ kàn án, omi ṣì wà lára rẹ̀.

Láti ìgbà náà, ẹyin fún èèyàn méjì ni mo ń din.