Ìyá Omi Gbígbóná àti Télọ̀ Tó Ń Ṣe Àmín

Ìyá Omi Gbígbóná ni gbogbo wa ń pè é ní wọ́ọ̀dù àwọn tó fara pa. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó gbé omi gbígbóná wá láàárọ̀, kó fi nu ara àwọn tí kò lè dìde, kó sì pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì wọn. Obìnrin kúkúrú ni, ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, bàtà rọ́bà rẹ̀ sì máa ń dún débi pé àwọn aláìsàn á ti mọ̀ pé ó ń bọ̀ kó tó yọ. Ìwé mẹ́fà péré ló kà, síbẹ̀ ó máa ń kọ́ àwa nọ́ọ̀sì níṣẹ́ wa láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni bẹ̀ ẹ́. Ó máa ń bí mi nínú. Bí mo bá fi ìwé tí mo kà dá a lóhùn, á rẹ́rìn-ín, á ní bí ọmọdé bá láṣọ bí àgbà, kò lè lákìísà bí àgbà. Èmi á wá bá iṣẹ́ mi lọ, kì í ṣe pé mo gbà o, àgbà ni mo bọ̀wọ̀ fún.

Ọdún tí mo bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ni wọ́n gbé télọ̀ kan wá. Ọkọ̀ ló ya kúrò lójú títì, tó lọ bá a nínú ṣọ́ọ̀bù níbi tó ti ń rán ṣòkòtò ọmọ iléèwé. Dókítà gé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ lókè orúnkún. Ẹsẹ̀ yẹn ló ti fi ń tẹ máṣíìnì láti bí ọdún méjìdínlógún.

Àlejò ń wọ́ tìrítìrí. Ẹ ṣáà mọ̀ wá, ọ̀rọ̀ kì í wọ́n wa lẹ́nu lọ́dọ̀ aláìsàn. Ẹni tó bá wọlé á ní a dúpẹ́ pé kò jù báyìí lọ. Ẹni tó tẹ̀ lé e á ní Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ ká rí èyí tó jù ú lọ. Èmi náà ń sọ ọ́ bí mo ṣe ń fún un lóògùn. Télọ̀ á rẹ́rìn-ín músẹ́, á ní àmín. Mo kọ ọ́ sínú fáìlì rẹ̀ pé ọkàn aláìsàn balẹ̀. Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ pé ọ̀ràn tó bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là ń fi í rín, àmọ́ mo rí i lójú ọkùnrin yẹn, mi ò dá a mọ̀.

Ìyá Omi Gbígbóná ló fura. Ó ní ọjọ́ mẹ́ta rèé tí télọ̀ ò fẹnu kan oúnjẹ, pé aládùúgbò rẹ̀ orí bẹ́ẹ̀dì kejì ló ń bá a jẹ ẹ́, ṣé ojú mi fọ́ ni tí mi ò rí bí ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyẹn ṣe ń tóbi? Ìyàwó télọ̀ ńkọ́? Lọ́sàn-án ojoojúmọ́ ló ń gbé oúnjẹ wá. Bí télọ̀ bá ti gbọ́ ohùn rẹ̀, á di ojú, á ní ká sọ fún un pé òun ń sùn. Obìnrin náà á wá jókòó sórí bẹ́ǹṣì ìta pẹ̀lú abọ́ lórí itan, títí ilẹ̀ á fi fẹ́ẹ́ ṣú.

Nígbà tí dókítà gbọ́, ó ní bí kò bá jẹun, ojú ọgbẹ́ ò ní san, a sì lè pàdánù rẹ̀. Ẹ̀rù bà mí. Mo ní kí n lọ gbà á níyànjú.

"Ẹ ti gbà á níyànjú jù," Ìyá dá mi lóhùn. "Ta ló ti bá a kẹ́dùn nínú yín?"

Ó wá sọ ti ọkọ rẹ̀ fún mi. Awakọ̀ ni, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ ló ṣẹ́, ọdún mẹ́rin ló sì lò lórí ìdùbúlẹ̀. Ìyá fúnra rẹ̀ ni olórí àwọn tó ń ní kó máa dúpẹ́. Lọ́dún kẹrin ni ọkọ rẹ̀ sọ fún un wẹ́rẹ́ pé gbogbo wọn ló ti dúpẹ́ lórí ẹ̀yìn òun tó ṣẹ́, kò sẹ́ni tó bá òun sunkún rẹ̀. Ìyá ní ọ̀rọ̀ yẹn ò kúrò létí òun.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó fa kọ́tìnì, mo bá a mú táwẹ́ẹ̀lì. Ó nu ojú télọ̀, ó nu ọwọ́ àti àyà. Nígbà tó kan ibi tí aṣọ bo itan, télọ̀ di aṣọ náà mú. Bó ṣe máa ń ṣe fún gbogbo wa nìyẹn, a ó sì fo ibẹ̀. Ìyá ò fò ó, kò sì fa aṣọ. Ó jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, ohun tí òfin wa ò fàyè gbà.

"Télọ̀, ọmọ mi," ó ní, "ẹsẹ̀ rẹ ti lọ. Ó dùn mí gan-an."

Télọ̀ ya ẹnu kó ṣe àmín, àmín ò jáde.

"Ẹsẹ̀ iṣẹ́ mi ni, Ìyá."

"Òun ni."

Télọ̀ bú sẹ́kún. Ẹkún àgbàlagbà ọkùnrin ò ṣeé gbọ́. Mo fẹ́ sọ pé kó má sunkún mọ́, Ìyá wò mí lójú kan, mo gbé ọ̀rọ̀ mi mì. Ìyá ò rẹ̀ ẹ́ lẹ́kún rárá, ó kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó pẹ́ gan-an. Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀, télọ̀ fúnra rẹ̀ ṣí aṣọ kúrò, ó sì wo ibi tí wọ́n gé fún ìgbà àkọ́kọ́.

Lọ́sàn-án, mo gbọ́ ohùn ìyàwó rẹ̀ níta. Mo ti dìde láti lọ pa irọ́ tí mo máa ń pa fún un, ni télọ̀ bá ní kí n jẹ́ kó wọlé. Obìnrin náà yára gbé abọ́ oúnjẹ rẹ̀ wọlé, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé ẹ̀mí ò lọ sí i.

"Má tíì dúpẹ́, ìyàwó mi," télọ̀ ní. "Wá wò ó ná."

Ìyàwó rẹ̀ jókòó tì í, ó wo ẹsẹ̀ náà, àwọn méjèèjì sì jọ sunkún. Ó ṣe díẹ̀, télọ̀ ní kó bá òun mú ṣíbí.