Wọ́n ti bá mi tún ìlù Mò-ń-bọ̀ ṣe

Kọ̀ǹpútà ti yọ àbúrò mi kúrò nínú ìlù tí ó fi ọwọ́ ara rẹ̀ lù.

Ẹ̀yin tí a jọ wà ní ẹgbẹ́ akọrin mọ ìdí tí a fi ń pè é ní Mò-ń-bọ̀. Ọwọ́ rẹ̀ máa ń pẹ́ díẹ̀ kí ó tó balẹ̀ lórí ìlù, àwa a sì dúró dè é.

Láti ìgbà tí ó ti kú, orí fíláàṣì kan ṣoṣo ni ìlù rẹ̀ tí a gbà sílẹ̀ wà lọ́wọ́ mi. Mo gbé e lọ sí sítúdíò kan ní Bàrígà, kí wọ́n bá mi yọ ariwo jẹnẹrétọ̀ kúrò.

Lónìí, ọ̀gá ibẹ̀ gbé e sí i fún mi. Ìlù náà ń dún déédéé bí aago.

"Mo ti jẹ́ kí kọ̀ǹpútà fa gbogbo ẹ̀ sórí ìlà kó lè bọ́ sákòókò, mà. Onílù yẹn ń pẹ́ jù."

"Èyí tí mo gbé wá ńkọ́?"

"Mo ti pa ìyẹn rẹ́, mà. Àṣìṣe ló kún inú ẹ̀."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti fẹsẹ̀ rìn dé Bajúláyé kí n tó rántí pé ó yẹ kí n wọ kẹ̀kẹ́.

Ẹ jọ̀wọ́, ta ló ṣì ní ìlù rẹ̀ lórí fóònù? Ibi tí ọwọ́ rẹ̀ ti pẹ́ ni mo ń wá.