Àgádágodo Ẹnu Ọ̀nà Jẹ́lé-ó-sinmi

Wọ́n ní mo gbójú. Àwọn tó ṣì wà láyé nínú wọn ṣì ń sọ ọ́ ní Ìsọlọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ mí dáadáa á rẹ́rìn-ín, nítorí ojo ni mí. Títí di òní, mi ò lè sùn nínú yàrá tí wọ́n bá ti ilẹ̀kùn rẹ̀ pa, bí mo bá sì wọ ilé onílé, ibi tí màá gbà jáde ni mo kọ́kọ́ máa ń wò. Ṣùgbọ́n ohun tí mo ṣe nígbà yẹn, mo ṣe é, bí irú rẹ̀ bá sì tún dé, màá tún un ṣe.

Àsìkò tí owó epo ń ya wọ Èkó ni. Ilé-iṣẹ́ ń pọ̀ sí i ní Ìsọlọ̀ lójoojúmọ́, àwọn obìnrin sì ń ríṣẹ́ ṣe níbẹ̀. Aago méje àárọ̀ ni wọ́n ń wọlé, wọ́n á jáde láago méjì ọ̀sán. Púpọ̀ nínú wọn wá láti Ọ̀yọ́, Òṣogbo àti Abẹ́òkúta, wọn ò ní ìyá tàbí ìyá ọkọ nítòsí tó lè bá wọn mú ọmọ. Èmi ni wọ́n ń gbé ọmọ wá bá. Mo kàwé mẹ́fà, mo mọ orin púpọ̀, mi ò sì kì í na ọmọ. Ọmọ mọ́kàndínlógún ló wà lọ́dọ̀ mi nínú ṣọ́ọ̀bù kan tó kọjú sí títì. Jẹ́lé-ó-sinmi là ń pè é, ṣùgbọ́n kò ju yàrá kan lọ, pẹ̀lú ẹní mẹ́ta àti ìkòkò omi kan.

Alága ẹgbẹ́ àwọn onílé ló ni ṣọ́ọ̀bù náà. Ọ̀fẹ́ ló fi fún wa lò. Ènìyàn rere ni, mi ò ní purọ́ mọ́ ọn.

Lọ́dún yẹn ni ìjọba rán obìnrin kan sí wa, kó wá kọ́ àwọn aṣáájú àdúgbò bí wọ́n ṣe lè mú ìtọ́jú àwọn ọmọ kéékèèké dára sí i. Kì í ṣe nọ́ọ̀sì, ṣùgbọ́n aṣọ funfun ló wọ̀ wá lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Nọ́ọ̀sì ni wọ́n sì ń pè é títí ó fi lọ. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni Baálé, Alága, Ìyá Ìjọ tó wà ní ṣọ́ọ̀ṣì òpin àdúgbò wa, àti àwọn bíi mélòó kan mìíràn ń pàdé nínú kíláàsì ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Wọ́n ní kí èmi náà máa wá, kí n máa jókòó sẹ́yìn. Àga àwọn ọmọ kíláàsì kìíní ni wọ́n fún wa. Baálé wò ó, ó ní kí wọ́n lọ gbé àga tirẹ̀ wá láti ilé.

Nọ́ọ̀sì bi í lọ́jọ́ kan pé, "Bàbá, ọmọ ọdún méjì tó jí láàárọ̀, kí ló ń fẹ́?"

"Kí ló tún ń fẹ́? Kó jẹun, kó dákẹ́."

Ìyá Ìjọ ní, "Baálé, ẹ̀yin náà ń jẹun o, a ò rí i kẹ́ ẹ dákẹ́ rí."

Baálé fúnra rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Báyìí la ṣe ń bá a bọ̀, títí Nọ́ọ̀sì fi fún wọn níṣẹ́ ṣe: kí ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn ṣe ohun kan ṣoṣo fún àwọn ọmọ àdúgbò rẹ̀, kí ẹ̀kọ́ náà tó parí.

Alága ló kọ́kọ́ ṣe tirẹ̀. Ṣé ẹ rí i, kò tíì pẹ́ nígbà náà tí ọmọ kan sá jáde lọ́dọ̀ mi, tí tírélà sì gun bàtà rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ti yọ kúrò nínú bàtà náà, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run. Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn àwọn ìyá ò ti balẹ̀ mọ́. Alága wá ní kí wẹ́dà ṣe géètì onírin sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Wọ́n kùn ún ní àwọ̀ ewé, wọ́n kọ "ALÁGA LÓ ṢE É" sí i lára, ayàwòrán sì wá ya fọ́tò rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló yọ àgádágodo tó tó ìkúùkù ọmọdé jáde nínú àpò agbádá rẹ̀.

Mo bi í pé, "Ta ni kọ́kọ́rọ́ á wà lọ́wọ́ rẹ̀, sà?"

"Ọwọ́ mi. Ẹ̀yin obìnrin, ẹ máa ń gbàgbé nǹkan."

Àwọn ìyá pàtẹ́wọ́. Èmi náà rẹ́rìn-ín, mo sì pàtẹ́wọ́ pẹ̀lú wọn. Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, ìyẹn nìkan ló ń tì mí lójú.

Láti ọjọ́ kejì, bí ìyá tó gbẹ̀yìn bá ti lọ, Alága á dé tòun ti pákò lẹ́nu, á ti èmi àtàwọn ọmọ mọ́nú ilé, á sì máa bá tirẹ̀ lọ. Aago méjì ni yóò padà wá ṣí i. Bí mo bá ti gbọ́ ìró irin yẹn báyìí, ẹ̀rù á bà mí. Mo máa ń gbé ọmọ kan mọ́ra kí àwọn tó kù má bàa rí ojú mi.

Ó nídìí. Nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án, ní Òṣòdì, nítòsí ojú irin, ìyá wa máa ń ti èmi àti àbúrò mi mọ́lé bó bá ń lọ sọ́jà, nítorí ọkọ̀ ojú irin. Kì í ṣe ìkà, gbogbo ìyá tó wà níbẹ̀ ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Sítóòfù ṣubú lọ́jọ́ kan, iná sì ràn mọ́ ilé. Ọkùnrin kan fa irin ojú fèrèsé yọ, ó na ọwọ́ wọlé, èmi ni ọwọ́ rẹ̀ kọ́kọ́ bà. Kò rí àbúrò mi mú. Ó tó bẹ́ẹ̀.

Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, Alága tì wá mọ́lé gẹ́gẹ́ bí ìṣe rẹ̀. Aago méjì kọjá, a ò rí i. Àwọn ìyá dé láti ibi iṣẹ́, wọ́n dúró sẹ́nu géètì, àwọn ọmọ ń na ọwọ́ sí wọn láàárín irin. Ọ̀kan nínú wọn sáré lọ sílé Alága, ó sáré padà.

"Wọ́n ní èèyàn wọn kan kú ní Ìjẹ̀bú, wọ́n ti lọ láti aago mẹ́sàn-án. Ìyàwó wọn ní inú agbádá tí wọ́n wọ̀ lọ ni kọ́kọ́rọ́ wà."

Omi ti tán nínú ìkòkò, àlàfo irin géètì náà kò sì gba ife kọjá. Páànù ṣọ́ọ̀bù náà kò ní àjà, ooru sì ń mú wa bíi pé inú ààrò la wà. Ọmọ kan tí ara rẹ̀ ti ń gbóná láti ọ̀sán kò tún sunkún mọ́, ó kàn ń wò mí. Mo ní kí wọ́n lọ pe wẹ́dà wá gé àgádágodo náà. Kò sẹ́ni tó mira.

Ìyá ọmọ náà gan-an ló sọ fún mi pé, "Tíṣà, ẹ jẹ́ ká ní sùúrù díẹ̀. Nǹkan àgbà ni. Ta ló máa rójú sọ fún Alága pé òun ló ní kí wọ́n gé e?"

"Èmi. Ẹ sọ pé èmi ni."

Wẹ́dà dé, ó dúró tòun ti ayùn irin rẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ gba àṣẹ ìpànìyàn. "Tíṣà, iṣẹ́ ọwọ́ mi rè é o. Ọ̀dà ẹ̀ ò tíì gbẹ dáadáa."

"Ẹ gé e."

"Ẹ sọ ọ́ sókè, kí wọ́n lè jẹ́rìí mi."

Mo pariwo: "Èmi ni mo ní kí ẹ gé e!" Mi ò mọ̀ pé mo ní irú ohùn bẹ́ẹ̀.

Ó gé e. A fún ọmọ náà lómi, a fi omi tútù nu ara rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, gbogbo wa sì dúpẹ́ fún ẹkún náà.

Ní Ọjọ́bọ̀, ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ ń parí, Alága gbé àgádágodo tí wọ́n gé sórí tábìlì. Ó ní òun ṣe iṣẹ́ tí ìjọba fún òun, ọmọ kékeré bíi tèmi sì bà á jẹ́. Nọ́ọ̀sì ń wo ilẹ̀. Baálé ní kí n bọ́ síwájú.

"Kúnlẹ̀, kí o bẹ Alága. Ìgbà yẹn la ó tó gbọ́ tẹnu ẹ."

Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn. Ẹ̀bẹ̀ ló ń ṣáájú ẹjọ́, àní bí ọmọdé bá jàre. Mo kúnlẹ̀. Wọ́n dúró dè mí.

Baálé ní, "A ò gbọ́ nǹkan kan."

Mo ní, "Bàbá, mo kúnlẹ̀ fún ewú orí yín. Ẹ̀bẹ̀ ò sí lẹ́nu mi."

"Kí ló wí?"

"Bí wọ́n bá tún ti àwọn ọmọ náà mọ́lé, màá tún ní kí wọ́n gé e."

Alága dìde. "Nínú ilé tèmi?"

"Nínú ilé yín, sà."

"Ó dáa. Kó ẹní ẹ jáde nínú ilé mi."

Mi ò sọ ọ̀rọ̀ àbúrò mi fún wọn. Ó wà lórí ahọ́n mi, mo gbé e mì. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tìtorí àánú mi ṣí ilẹ̀kùn. Mo fẹ́ kí wọ́n ṣí i nítorí pé ó yẹ kó ṣí.

Ìyá Ìjọ ló sọ̀rọ̀. "Tíṣà, dìde, simẹ́ńtì yẹn á bó ẹ lórúnkún. Baálé, mi ò tíì ṣe iṣẹ́ tí Nọ́ọ̀sì fún mi. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi fẹ̀. Kó kó àwọn ọmọ wá síbẹ̀, káfíńtà á ṣe ilẹ̀kùn ààbọ̀ sí i, kí ìkọ́ rẹ̀ wà lókè níbi tí ọwọ́ ọmọdé ò lè dé, tí ọwọ́ àgbà á dé."

"Ẹ̀yin náà fẹ́ bá mi jà?" Alága bi í.

"Mo ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá mi ni, Alága."

Ìgbà yẹn ni Nọ́ọ̀sì tó gbé ẹfun, ó kọ ọ́ gàdàgbà sára pátákó: ẸNI TÓ WÀ NÍNÚ GBỌ́DỌ̀ LÈ ṢÍ I. Ó kó ìwé rẹ̀, ó sì kí wa pé ó dàbọ̀. Baálé tẹjú mọ́ ohun tó kọ, kò sì dá ẹjọ́ kankan.

Nínú ọmọ mọ́kàndínlógún, méje ló tẹ̀ lé mi lọ́jọ́ Ajé. Àwọn ìyá yòókù ń bẹ̀rù tírélà, mi ò sì bá wọn wíjọ́. Alága rí obìnrin mìíràn fi sínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, ó ra àgádágodo tuntun, ó sì ń tì wọ́n mọ́lé bíi ti àtẹ̀yìnwá.

Ni mo bá ń lọ síbẹ̀. Lójoojúmọ́, bí àwọn méje tèmi bá ti sùn lọ́sàn-án, tí Ìyá Ìjọ jókòó tì wọ́n, màá lọ dúró lẹ́nu géètì náà, màá bi obìnrin náà bóyá ó lè jáde. Á ní kí n máa lọ, kí n má bàa ba iṣẹ́ jẹ́ mọ́ òun lọ́wọ́. Alága bá mi níbẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Lẹ́ẹ̀kejì, ó bú mi débi pé àwọn awakọ̀ dúró ń wòran. Mo kí i pé ẹ kú ọ̀sán, sà. Mo padà lọ lọ́jọ́ kejì.

Mi ò ka iye ọjọ́ tí mo lọ. Mo mọ̀ pé òjò ti bẹ̀rẹ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mi ò tíì la ẹnu tí obìnrin náà fi dìde lórí ẹní. Ó tú etí ìró rẹ̀, ó mú kọ́kọ́rọ́ jáde, ó na ọwọ́ láàárín irin, ó ṣí àgádágodo náà lójú mi, ó sì tún un tì.

"Alága fúnra wọn ló gbé e fún mi láàárọ̀," ó ní. "Wọn ò sọ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, Tíṣà, ẹ jẹ́ kí n ráyè sinmi báyìí."