Ohùn Tó Wà Lẹ́yìn Wa

Ẹ forí jì mí tí ọ̀rọ̀ mi ò bá dùn ún kà. Mi ò kàwé púpọ̀. Iṣẹ́ aránṣọ ni mò ń ṣe ní Mushin, abẹ́rẹ́ sì mọ́ mi lọ́wọ́ ju bírò lọ. Ibi tí ìwé yìí bá ti kọsẹ̀, ẹ bá mi fà á dìde.

Ẹgbẹ́ oníkẹ̀kẹ́ ológeere wa ní Sùúrùlérè máa ń jáde ní ìdájí Sátidé àti Sọ́ńdè. Àǹtí kan wà láàárín wa, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tó jẹ́ pé ẹ̀yìn gbogbo wa ni wọ́n máa ń wà. Kò sẹ́ni tó ń sanwó fún wọn. Bí táyà ẹnikẹ́ni bá jò, Àǹtí ló máa dúró tì í. Bí ọkọ̀ bá ń bọ̀ lẹ́yìn, Àǹtí á ké pé, "Mọ́tò!" a ó sì tò sí etí títì. Òfin wa ni pé a kì í bojú wẹ̀yìn, torí kẹ̀kẹ́ ẹni tó bá wẹ̀yìn lè yà sáàárín títì. Ohùn Àǹtí la gbọ́kàn lé.

Èmi ni mi ò lè sáré, torí náà iwájú Àǹtí gan-an ni mo máa ń wà. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá yìí, a dé Costain, mo gbọ́ tírélà lẹ́yìn. Mo ń retí ohùn Àǹtí. Kò wá. Atẹ́gùn ọkọ̀ náà ti gbá mi léjìká kí wọ́n tó ké. Mo ní bóyá ariwo títì ni. Lọ́sẹ̀ kejì, ó tún ṣẹlẹ̀ ní Oto. Ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣọ́ wọn. Bí mo bá kí wọn láti ẹ̀yìn, wọn kì í dáhùn. Bí a bá ń sọ̀rọ̀, ẹnu wa ni wọ́n ń wò.

Ìgbà yẹn gan-an ni ẹgbẹ́ fẹ́ yẹ́ Àǹtí sí. Ní Sátidé kan, lẹ́yìn tí a gun kẹ̀kẹ́ tán, alága fi ẹ̀wù tuntun kan tó ń tàn yanran wọ̀ wọ́n. Ó ní, "Àǹtí, títí ẹ ó fi sọ pé ó tó, ẹ̀yìn wa di tiyín."

"Àǹtí, ẹ ké e ká gbọ́!" ni ọkùnrin kan wí.

"Mọ́tò!"

Gbogbo wọn fò sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n ń rẹ́rìn-ín.

"Háà! Àwọn ọmọ tí Àǹtí kọ́ níléèwé, Ọlọ́run ló yọ wọ́n!" ni ẹlòmíràn wí.

Mi ò lè rẹ́rìn-ín. Alága ti kéde pé lọ́la, àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ máa bá wa gba Costain lọ sí Oto.

Mo tẹ̀ lé Àǹtí lọ síbi kẹ̀kẹ́ wọn. Mo dúró níwájú wọn, mo kúnlẹ̀ ráńpẹ́.

"Àǹtí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ ò gbọ́ tírélà yẹn."

Ẹ̀rín kúrò lójú wọn. Wọ́n di ọwọ́ mi mú, ó dùn mí.

"Ta lo sọ fún?"

"Mi ò sọ fún ẹnì kankan, mà."

"Má sọ. Tí wọ́n bá gba ẹ̀yìn yẹn lọ́wọ́ mi, kí ni màá tún máa torí ẹ̀ jí láàárọ̀?"

"Tí ọkọ̀ bá gbá ẹnì kan ńkọ́, mà?"

Wọ́n ń wo ẹnu mi. Wọ́n fa síìpù ẹ̀wù náà dé ọrùn, wọ́n gun kẹ̀kẹ́ wọn, wọ́n lọ.

Ní ìdájí ọjọ́ kejì, mo fi rọ́bà so tọ́ọ̀ṣì mọ́ ọwọ́ kẹ̀kẹ́ mi. Nígbà tí a gbéra, mo ṣe bí ẹni tí ẹsẹ̀ ń ro, mo jẹ́ kí Àǹtí kọjá, mo bọ́ sẹ́yìn wọn. Ilẹ̀ ò tíì mọ́, ọyẹ́ bo títì. Ní Costain, mo gbọ́ tírélà. Mo tan tọ́ọ̀ṣì, mo pa á, mo tún tan án. Ìmọ́lẹ̀ náà bọ́ síwájú táyà Àǹtí. Wọ́n yí ọrùn díẹ̀, wọ́n rí tírélà náà, wọ́n sì ké. Gbogbo ẹgbẹ́ tò sí etí títì. Bẹ́ẹ̀ ni mo ń ṣe é, ọkọ̀ kan lẹ́yìn òmíràn, kò sì sẹ́ni tó mọ̀ nínú àwọn tó wà níwájú.

Ṣùgbọ́n bí a ṣe ń sún mọ́ Oto, ojúmọ́ ń mọ́. Ìmọ́lẹ̀ tọ́ọ̀ṣì mi ń parẹ́ lójú títì, ọkọ̀ ńlá mìíràn sì ń bọ̀. Mo tan án, Àǹtí ò rí i. Mo rọra yà sí apá òsì wọn, ibi tí ọkọ̀ ń gbà, kí wọ́n lè rí mi. Ibẹ̀ ni mo wà títí wọ́n fi ké.